Báwo lẹ ṣe ń tọ́ pale ale Amẹ́ríkà wò kẹ́ ẹ tó sọ pé eléyìí dáa, ìyẹn ò dáa?

ỌmọAlájọ, Chicago

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bíà ni mo gbé wá o, ẹni tí kì í mu ún kó má bínú sí mi. Àwọn kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n máa ń pọn bíà fúnra wọn nílé, wọ́n ń fi díje láàárín ara wọn, wọ́n wá ní kí n wá jókòó ti àwọn adájọ́ lóṣù tó ń bọ̀, pé ahọ́n mi á wúlò torí oúnjẹ ni mò ń sè jẹun. Ìsọ̀rí tí wọ́n fi mí sí ni American pale ale, èyí tí wọ́n ń kó hops, òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, sí dáadáa yẹn. Bíà tí èmi mọ̀ láti ilé ni Star àti Gulder, tó bá ti tutù tó sì ń hó, kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè pé báwo ni òórùn ẹ̀ ṣe rí.

Mo lọ ra Sierra Nevada Pale Ale, mo ra Daisy Cutter ti Half Acre tí wọ́n ń pọn níbí, mo tún ra ẹ̀kẹta láti ọwọ́ ilé ìpọntí kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ korò lóòótọ́ àmọ́ wọ́n tún ń ta sánsán. Ẹ̀kẹta yìí korò ṣá ni, ó tún ní adùn kan bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò, òórùn páálí wà lára ẹ̀, ìkorò ẹ̀ wá jókòó sí ẹ̀yìn ọ̀fun mi kò lọ mọ́. Ìbéèrè mi nìyí: nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló korò, kí ni mo fẹ́ fi mọ èyí tí ẹni tó pọn ọ́n dìídì fẹ́ kó korò bẹ́ẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àbùkù? Kí sì ni kí n máa kọ sórí ìwé wọn? "Ó korò", "ó dùn", kò lè jẹ́ ìyẹn nìkan ni wọ́n pè mí wá kọ.

Àǹtí Portland

ỌmọAlájọ, o káre tó o béèrè kí ọjọ́ tó pé. Mo máa ń bá wọn dájọ́ bíà níhìn-ín ní Oregon, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá, ìyẹn imú. Ìkorò lò ń wá, àmọ́ ìkorò ló máa ń kẹ́yìn dé, òórùn ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Ìwé tí àwọn BJCP fi ń dájọ́, ẹgbẹ́ tó ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn adájọ́ bíà láti 1985, máàkì 50 ló wà lórí ẹ̀: òórùn 12, ìrísí 3, adùn lẹ́nu 20, bó ṣe wúwo tàbí fúyẹ́ lẹ́nu 5, èrò ẹ lápapọ̀ 10. Wo bí wọ́n ṣe pín in, ojú ò ju 3 lọ, imú sì gba 12 kó o tó fẹnu kàn án rárá. Nínú adùn lẹ́nu yẹn náà, imú ló tún ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ẹ̀.

Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé gíláàsì mi gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kì í ṣe mímọ́ ojú lásán o, torí tí ọ̀rá tàbí ọṣẹ bá kù lára ẹ̀, wàá rí àwọn róbótó afẹ́fẹ́ kéékèèké tó máa lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, ìfófó ẹ̀ á sì kú kíá, wàá wá rò pé bíà ló ní àìsàn. Má gbé e látinú fíríìjì kó o máa mu ún lójú ẹsẹ̀, ahọ́n tó ti kú fún òtútù ò lè sọ nǹkan kan fún ẹ, jẹ́ kó wà láàárín dígírì 7 sí 10 ti Celsius, tí àwọn ará ibí ń pè ní 45 sí 50 Fahrenheit. Dà á dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíláàsì, kí òkè lè ní àyè tí òórùn á máa kó jọ sí. Bó o bá ti dà á tán, gbé e símú lójú ẹsẹ̀, fà á sínú ní kúkúrú kúkúrú, kọ ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn sílẹ̀, ì báà jẹ́ ohun tó o jẹ nílé nígbà tó o wà lọ́mọdé, kọ ọ́. Lẹ́yìn náà fọwọ́ bo ẹnu gíláàsì, mì í yípo díẹ̀, ṣí i, tún gbóòórùn.

Pale ale tí wọ́n fi Cascade, irú hops kan, ṣe, bíi Sierra Nevada tó o rà yẹn, ohun tó o máa gbọ́ níbẹ̀ ni èèpo gíréèpù, òdòdó, àti oje igi páìnì díẹ̀. Tó bá jẹ́ Citra ni wọ́n lò, á sún mọ́ máńgòrò, ọsàn wẹ́wẹ́, àwọn èso ilẹ̀ tó gbóná. Abẹ́ ìyẹn ni kó o ti wá mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n jẹ́ kó hù kí wọ́n tó gbẹ ẹ́: búrẹ́dì, èèpo búrẹ́dì tí iná rà, bisikíìtì. Mọ́ọ̀tì ò gbọdọ̀ bo hops mọ́lẹ̀ nínú pale ale, àmọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ rárá, omi kíkorò lò ń mu. Ti ojú, àwọ̀ wúrà ni dé pupa rẹ́súrẹ́sú, ìfófó funfun tó dúró, ó tán, máa lọ.

Tó o bá wá fẹ́ mu ún, bu ún kó kárí ẹnu, má tọ́ ọ lá bí oògùn. Gbé e mì. Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò máa ń tu tiwọn dànù, àwa kì í tu, torí ẹ̀yìn ìgbà tó bá wọ ọ̀fun tán ni ìkorò tó máa sọ ẹni tó jẹ́. Mí jáde gba imú, èémí yẹn á tún gbé òórùn hops padà wá. Wá dúró, má sọ̀rọ̀.

Ibi tó o ti dúró yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè ẹ wà. Ìkorò tó dáa á dé, á gbá adùn mọ́ọ̀tì kúrò, á mú ẹnu ẹ gbẹ díẹ̀, á sì lọ, òórùn ọsàn á kù, wàá fẹ́ bu míì. Ìkorò tí kò dáa á fà mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n, á máa ha ọ̀fun, kò sì ní gbé òórùn kankan dání. Ẹni tó bá ti jẹ ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa tó sì ti jẹ èyí tí wọn ò fọ̀ tó, ó mọ ìyàtọ̀ tí mò ń wí. Nítorí náà má kọ "ó korò", kọ pé ó korò dé ibo, ó dúró pẹ́ tó, báwo ló ṣe kúrò, kí ló kù lẹ́nu lẹ́yìn ẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin yẹn ni ẹni tó pọn ọ́n lè lò.

Kí n má gbàgbé, torí pé ọmọ Yorùbá ni wá: lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ dájọ́, má jẹ ata ṣáájú, má fi pafúùmù sára, fi ìpara ètè náà sílẹ̀ tó o bá jẹ́ obìnrin. Omi àti búrẹ́dì lásán láàárín bíà kan sí èkejì. Ìkorò máa ń gun orí ara wọn o, bíà kẹfà á dà bíi pé ó korò ju àkọ́kọ́ lọ kódà kó jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò ó láti orí èyí tí hops ẹ̀ fúyẹ́ lọ sí èyí tó le.

ÈkóBòyìí, Houston

Àǹtí ẹ ṣeun ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ṣé gbogbo èyí ò ti pọ̀ jù? Nọ́ńbà IBU tí wọ́n fi ń wọn ìkorò bíà wà níbẹ̀, 38 ni Sierra Nevada sọ pé tiwọn jẹ́, ìlànà ìsọ̀rí náà sì sọ pé 30 sí 50. Èyí tó bá wà láàárín ẹ̀ wọlé, èyí tó bá kọjá ẹ̀ kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn IPA, ẹ̀gbọ́n pale ale tí hops ẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí ẹnu èèyàn á tún máa dá ẹjọ́ tí ẹ̀rọ ti dá tán, ẹnu tó jẹ́ pé tèmi yàtọ̀ sí tiyín?

PọntíPọntí, Atlanta

Bọ̀dá Èkó, nọ́ńbà yẹn ò purọ́, kò kàn sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ni. Mo ń pọn ọtí yìí nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Inú òdòdó hops ni lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí wọ́n ń pè ní lupulin, nǹkan méjì tó wà nínú ẹ̀ la ń wá, alpha acid tó ń fún wa ní ìkorò àti òróró tó ń fún wa ní òórùn, àwọn méjèèjì yìí sì ni ọ̀tá ara wọn lórí iná, torí alpha acid ò lè korò dáadáa títí ẹ ó fi sè é pẹ́, bíi wákàtí kan, kó tó yí padà di èyí tó máa yọ́ tó sì máa dúró sínú bíà, òróró ní tiẹ̀ ò fara da iná rárá, ooru ìkòkò ló ń bá lọ, tẹ́ ẹ bá ń gbóòórùn hops tó kún gbogbo ilé nígbà tẹ́ ẹ ń sè é, òórùn tí kò ní sí nínú gíláàsì yín mọ́ nìyẹn.

Ìdí tá a fi ń pín in nìyẹn. A ó da díẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ fún ìkorò, díẹ̀ nígbà tí iná fẹ́ kúrò fún adùn, a ó tún da òmíràn sí i nígbà tó ti tutù tí yíìsì ti fẹ́ parí iṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn ò korò tó bẹ́ẹ̀, òórùn ló wà fún. IBU tẹ́ ẹ ń wí yẹn, mílígírámù alpha acid tó ti yí padà nínú lítà bíà kan ni. Ẹni tó kó gbogbo hops ẹ̀ síbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó kó púpọ̀ ẹ̀ síparí lè jọ ní 38 gẹ́lẹ́, ẹ máa mu àwọn méjèèjì, ẹ ò ní gbà pé ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n.

Ẹ tún wo ṣúgà. 38 tí ṣúgà mọ́ọ̀tì kù nínú ẹ̀ á rọ̀ lẹ́nu, 38 tí yíìsì jẹ ṣúgà ẹ̀ tán á mú bí abẹ. Omi náà ńkọ́? Omi tí sulfate pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń mú ìkorò gbẹ kó múná, èyí tí chloride pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń mú mọ́ọ̀tì kún lẹ́nu. Kò sí èyí tó máa hàn nínú nọ́ńbà IBU níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló máa hàn lẹ́nu yín.

Ohun tó tún mú kí n má gbà pé nọ́ńbà ló máa dá a ni bí bíà yìí ṣe wáyé. Cascade yìí, ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú yunifásítì Oregon State ni wọ́n jọ tọ́ ọ dàgbà ní Corvallis, 1972 ni wọ́n gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀. Fuggle, hops ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú ìdílé ẹ̀, àmọ́ ó bí òórùn tí Fuggle ò ní. Ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco fi ṣe Liberty Ale ní 1975, Jack McAuliffe ń lò ó ní ilé ìpọntí ẹ̀, New Albion, ní Sonoma láàárín àkókò yẹn náà, nígbà tó sì di 1980 Ken Grossman àti Paul Camusi pọn Sierra Nevada Pale Ale ní Chico. Pale ale ti wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́tipẹ́, hops tiwọn ní òórùn ilẹ̀ àti ewé, yíìsì wọn sì máa ń fi èso tiẹ̀ kún un. Àwọn ará California yìí wá fi yíìsì tí kì í dá sọ́rọ̀ pọn tiwọn, kí hops lè sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba òórùn gíréèpù yẹn kúrò, tí ìkorò ẹ̀ ṣì jẹ́ 38, pale ale Amẹ́ríkà kọ́ lẹ ní lọ́wọ́ mọ́.

ÈkóBòyìí, Houston

Ti omi àti ṣúgà yẹn wọ̀ mí létí gan-an, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo gbà. Àmọ́ ẹ ṣì máa gbà fún èmi náà pé ká fi nọ́ńbà yẹn ṣe ẹnu ọ̀nà, ẹnu wa á wá ṣe inú ilé.

ỌmọOwá, Baltimore

Ìgò kẹta ni tèmi o, torí ẹ̀rí wà nínú ohun tí ỌmọAlájọ kọ. Oyin tó ti pẹ́, páálí, hops tó ti sá lọ tó fi ìkorò nìkan sílẹ̀: afẹ́fẹ́ ló wọ inú bíà yẹn, tàbí kó ti pẹ́ níbi tó gbóná. Ṣé ẹ wo déètì ara ẹ̀? Bíà tó ń fi òórùn hops yangàn kì í ṣe ohun à ń tọ́jú fún ọdún kan, láàárín oṣù mẹ́ta kí wọ́n ti mu ún, kó sì wà nínú fíríìjì ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo máa ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù níbí tí wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò tí oòrùn ń pa, mo máa ń bínú, torí ẹni tó máa rà á lónìí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ á lọ sọ fún gbogbo ayé pé pale ale ò dáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò tíì mu pale ale rí.

Oòrùn náà ní tiẹ̀ tó ń ṣe, ó yàtọ̀ sí ti afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́ ohun tó ń korò nínú hops yẹn, á di nǹkan kan tó ń rùn bíi skunk, ẹranko tó ń tú ìdí síni yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè níbẹ̀ ti gbọ́ ọ lójú títì lálẹ́. Díẹ̀ bíńtín ti tó kí imú èèyàn gbọ́ ọ. Ìgò aláwọ̀ ewé àti ìgò funfun ò lè gbà á sílẹ̀, ìgò pupa dúdú ń gbìyànjú, agolo ló dí i pa pátápátá. Oskar Blues ní Colorado ti ń rọ Dale's Pale Ale sínú agolo láti 2002 nígbà tí àwọn èèyàn ṣì gbà pé bíà gidi ò gbọdọ̀ wọ agolo, lónìí inú agolo ni èmi ti kọ́kọ́ ń wá tèmi.

Àwọn àbùkù tó kù tí ẹ máa bá pàdé nínú ti àwọn tó ń pọn nílé: tó bá ń ṣe bíi bọ́tà, pàápàá bíi bọ́tà orí gúgúrú sinimá, wọn ò jẹ́ kí yíìsì parí iṣẹ́ kí wọ́n tó rọ ọ́. Tó bá ń ṣe bíi ápù tútù tí kò tíì pọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọtí ò tíì gbó. Tó bá ń ṣe bí àgbàdo sísè, wọn ò sè é dáadáa tàbí kí wọ́n dé ìkòkò lórí iná. Tó bá kan bí ẹmu àná tí kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìdọ̀tí ti wọ inú ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́ o, ẹni tó pọn ọ́n á ka gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewúro tí Àǹtí mú wá yẹn rán mi létí nǹkan kan. Nígbà tí Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, àwọn ilé ìpọntí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì nílé sì ti dán ewúro àti orógbó wò bóyá wọ́n lè rọ́pò hops. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ewúro pọn ale tó gbé e wá fún mi, tọwọ́tẹsẹ̀ ni màá fi gbà á. Àmọ́ tó bá wọ ìdíje ỌmọAlájọ, kó wọ ìsọ̀rí mìíràn, torí ewúro lè fún un ní ìkorò, ibo ló ti máa rí òórùn ọsàn?

ỌmọAlájọ, Chicago

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ wo ìgò kẹta yẹn, déètì ẹ̀ ti kọjá ọdún kan. Mo tún gbé Sierra Nevada, mo ṣe é bí Àǹtí ṣe wí, mo ní kí n kọ ohun tí mo rí síbí kẹ́ ẹ bá mi wò ó:

Òórùn: èèpo gíréèpù ló kọ́kọ́ dé, òdòdó tẹ̀ lé e, nígbà tó gbóná díẹ̀ mo gbọ́ ewé páìnì, bisikíìtì wà lábẹ́. Ìrísí: wúrà tó ń lọ sí pupa, ìfófó funfun, ó pẹ́ kó tó wálẹ̀, ó sì ń fi àmì sílẹ̀ yí gíláàsì ká bí mo ṣe ń mu ún lọ. Ẹnu: mọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ dùn lórí ahọ́n bí etí búrẹ́dì, hops wá wọlé láti àárín, ó korò jùyẹn lọ lẹ́yìn tí mo gbé e mì, àmọ́ kò ha mí lọ́fun, ó kúrò, ọsàn kù. Kò wúwo, kò ṣe omi, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń ta ahọ́n díẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ní ìsàlẹ̀ ìgò mo rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan, ṣé àbùkù nìyẹn? Àti pé máàkì mélòó ló yẹ kí n fún irú ìgò kẹta yẹn tí mo bá pàdé ẹ̀ níbi ìdíje? Wọ́n tún sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá fi bíà tó fi Zombie Dust ṣe àwòkọ́ṣe díje, bíà Three Floyds ní Munster, tòsí wa níbí ní Indiana. Mo ti mu òjúlówó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òórùn ẹ̀ lágbára débi pé mo rò pé IPA ni.

Àǹtí Portland

Wò ó, ohun tó o kọ yẹn ni à ń pè ní ìwé adájọ́. "Ọsàn kù" yẹn, má yí i padà. Inú mi dùn gan-an ni.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn kì í ṣe àbùkù, yíìsì ni. Inú ìgò ni Sierra Nevada ti ń jẹ́ kí yíìsì parí iṣẹ́ kó lè hó fúnra ẹ̀, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹmu náà ni. Rọra dà á, fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ nínú ìgò. Tó bá jẹ́ bíà àwọn tó ń pọn nílé ni, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ní in, má yọ máàkì kankan lórí ẹ̀ àyàfi tí adùn ẹ̀ bá wọ inú bíà.

Ti máàkì, báyìí ni wọ́n pín in: 45 sókè ni èyí tó jẹ́ pé kò sí ohun tó o máa ní kí wọ́n tún ṣe, 38 sí 44 dáa gan-an, 30 sí 37 dáa àmọ́ ó ku díẹ̀, 21 sí 29 ní ìṣòro tó hàn tàbí kò bá ìsọ̀rí mu, 14 sí 20 àbùkù ti ń gba iwájú, tó bá ti wá sí 13 sísàlẹ̀, àbùkù ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Irú ìgò kẹta yẹn, bó o ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀, èmi ò ní fún un ju 20 sí 23 lọ, torí òórùn hops tó yẹ kó gbé e ti lọ, àmọ́ ó ṣeé mu. Kọ ọ́ fún un pé afẹ́fẹ́ ló wọ inú ẹ̀, kó ṣọ́ ibi tó ti ń rọ ọ́ sínú ìgò, kó sì gbé e sínú fíríìjì kíákíá. Má kọ pé "ó ti bàjẹ́" kó o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Zombie Dust, Three Floyds fúnra wọn ń pè é ní pale ale, Citra sì ni gbogbo hops inú ẹ̀, ibẹ̀ ni òórùn tó o gbọ́ yẹn ti wá, òórùn tó pọ̀ nìkan ò sọ bíà di IPA. Ìlànà sọ pé kí ọtí inú pale ale wà láàárín 4.5% sí 6.2%. Níbi ìdíje, orúkọ tí ẹni tó gbé e wá bá kọ sílẹ̀ lo máa fi dájọ́ ẹ̀, kì í ṣe bíà tó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kí o bi ara ẹ bóyá ìkorò àti mọ́ọ̀tì ṣì jọ ń rìn, tí hops bá ti fa mọ́ọ̀tì lulẹ̀ pátápátá, yọ máàkì díẹ̀ nínú adùn àti èrò lápapọ̀, kó o sì sọ fún un pé IPA ni ìsọ̀rí tó máa bá a mu. Kó o wá sọ fún ẹni tó ń tò ó lórí tábìlì kí wọ́n gbé ìyẹn síkẹyìn, tó bá ṣáájú, kò ní sí ohun tí wàá gbọ́ nínú àwọn tó kù.